Agbẹ̀yìn

Mo lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n tètè fi ẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé ẹnu mi mú ju abẹ lọ, èmi náà á sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń yìn. Mo lè wo èèyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n sọ ọ́ lórúkọ, kí orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ìyá tó bí i á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi pè é. Dókítà àgbà wa, tí kì í yọ ọwọ́ nínú àpò, èmi ni mo sọ ọ́ ní Ọwọ́-ń-tutù. Títí di òní, bí kò bá sí nítòsí, orúkọ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń pè é nìyẹn.

Iṣẹ́ káàdì ni mò ń ṣe. Ilé ìwòsàn wa kò tóbi: gbọ̀ngàn kan tí bẹ́ǹṣì mẹ́fà wà nínú rẹ̀, yàrá dókítà, yàrá abẹ́rẹ́, yàrá àwọn aboyún, àti yàrá mi tó ní fèrèsé onírin. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ irin náà tí ọwọ́ lè gbà kọjá. Kò sí ẹni tó lè rí dókítà láìkọ́kọ́ rí mi. Màá béèrè orúkọ, màá wá káàdì nínú àwọn àpótí gígùn tó wà lẹ́yìn mi, màá lu òǹtẹ̀ ọjọ́ náà sí i, màá sì sọ ibi tí wọ́n á gbà. "Yàrá kejì." "Ẹ jókòó ná." "Ẹ lọ tọ̀ sínú ìgò yìí, kí ẹ dé e dáadáa o." Gbogbo rẹ̀ ni mò ń sọ sókè, torí gbọ̀ngàn wa kì í dákẹ́.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n kọ́ ilé kékeré kan sẹ́yìn ilé ìwòsàn fún àwọn tó ní kòkòrò éèdì lára. Dókítà ní kí wọ́n má kọ ohunkóhun sára rẹ̀. Ó ní tí kò bá ti sí àkọlé, ojú kò ní ti ẹnikẹ́ni láti wọ ibẹ̀. Wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n fi ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé sí i, wọ́n tún gbin òdòdó méjì sẹ́nu ọ̀nà. Èrò rere ni, mi ò sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí kò bá ti ní àkọlé, dandan ni kí ẹnìkan máa júwe rẹ̀, èmi ni iṣẹ́ yẹn sì já lé léjìká.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo júwe rẹ̀ fún ni wẹ́dà kan tó ń jó géètì lẹ́bàá títì. Ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan báyìí, àpá iná kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ti ìwé kan gba inú ihò wọlé sí mi, ó wá fi ohùn kẹ́lẹ́ béèrè ibi tí òun máa gbé e lọ. Mo kà á. Mo ní, "Ẹ gba ẹ̀yìn." Kò gbọ́. Mo gbé ohùn sókè. "Ẹ̀yìn, bàbá! Mo ní ẹ gba ẹ̀yìn lọ!" Gbogbo gbọ̀ngàn kọjú sí i. Nígbà tó jáde tán, obìnrin kan tó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló wá wà lẹ́yìn ná. Mo wò wọ́n, mo rí i pé gbogbo wọn ń retí ohun tó máa tẹnu mi jáde. Mo ní, "Àwọn agbẹ̀yìn ni."

Ẹ̀rín ta. Ọ̀rọ̀ náà yé wọn lójú ẹsẹ̀ bó ṣe yé ẹ̀yin náà: ẹni tó ń gba ẹ̀yìn kọjá, tó sì tún gbẹ̀yìn nínú ohun gbogbo, tí wọ́n ti pín gbogbo nǹkan tán kí ó tó dé. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀ o. Ó kàn yọ́ bọ́ lẹ́nu mi ni, ó sì dùn ún gbọ́. Inú mi dùn sí ara mi débi pé mo tún un sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán.

Kò pé oṣù kan tí mo fi gbọ́ ọ níta. Àwọn obìnrin ń sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Àwọn ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ojúlé kejì sí wa fi ń ṣeré: ẹni tí wọ́n bá fọwọ́ kàn ti di agbẹ̀yìn nìyẹn, gbogbo wọn á sì sá fún un. Onílé kan sọ fún mi pé òun kò gba ẹnìkan sí yàrá òun, torí wọ́n ní ó ń gbẹ̀yìn. Ó tilẹ̀ jókòó, ó fara balẹ̀, ó túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún mi, èmi tí mo dá a! Wọn ò pe éèdì mọ́ rárá. Éèdì ti tóbi jù lẹ́nu wọn, ó ń bà wọ́n lẹ́rù. Tèmi kéré, ó rọrùn, èèyàn lè sọ ọ́ lójú ọmọdé, lórí oúnjẹ, níbi iṣẹ́. Ohun tó jẹ́ kí ó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Káàdì ló kọ́kọ́ fi nǹkan hàn mí. Káàdì àwọn tó ń lọ sílé ẹ̀yìn ní àmì pupa kékeré kan ní igun rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi náà ni wọ́n sì ń gbé. Oṣooṣù ló yẹ kí káàdì bẹ́ẹ̀ jáde kúrò nínú àpótí, kí n lu òǹtẹ̀ sí i, kí ẹni tó ni ín lọ gba oògùn. Mo wá ń rí àwọn tí kò jáde mọ́. Wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ mẹ́jọ, wọ́n di mọ́kàndínlógún, nígbà tó yá mi ò kà wọ́n mọ́. Káàdì tí kò bá rìn, eruku á gùn ún lórí. Lọ́jọ́ Ẹtì, èmi ni mò ń fi àkísà nù wọ́n.

Ti wẹ́dà dúró sórí òǹtẹ̀ kẹrin. Wọ́n ní àwọn èèyàn kò gbé géètì fún un mọ́. Wọ́n ní iná tó ń ta pàrà níbi iṣẹ́ rẹ̀ lè kó o ran èèyàn. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn bí ọdún kan, awakọ̀ kan tó wá gba káàdì ní òun rí i ní ìlú mìíràn tó jìnnà, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, ó sì ti fẹ́ ọmọbìnrin kan tó rẹwà dáadáa. Mo ní, "Ṣé ó ń lọ sílé ìwòsàn níbẹ̀?" Awakọ̀ náà wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ó ní, "Ilé ìwòsàn kẹ̀? Ta ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀? Ìdí tó fi lọ nìyẹn." Mo dá káàdì wẹ́dà padà sáàyè rẹ̀. Mo ronú nípa ọmọbìnrin náà fún bí ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà mo gbé e kúrò lọ́kàn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé wa ń pe éèdì ní àrùn kògbóògùn, bẹ́ẹ̀ oògùn rẹ̀ kún pẹpẹ ní ilé ẹ̀yìn, òkè délẹ̀, kò rí ẹni wá gbà á. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ obìnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ kan ó wá sí ojú fèrèsé mi fúnra rẹ̀, ó ní, "Akọ̀wé, níbo ni àwọn èèyàn mi wà?" Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ ni mo pa fún un.

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà wọ ilé wa.

Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, ọdún méjìlá ni mo fi jù ú lọ. Ẹ̀yìn mi ló sùn dàgbà. Aránṣọ ni, yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ló mọ̀ ọ́n rán jù. Ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó ń da ọ̀dà sójú títì, ibi tí ọ̀nà bá ń lọ ló ń bá a lọ. Àwọn ọkùnrin méjìlá ló ń sùn sí yàrá kan ní àgọ́ wọn. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bá pé, á wálé fún ọjọ́ mẹ́ta, á tún lọ. Ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ni àbúrò mi ń gbé, ìyá ọkọ náà ló ni ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ránṣọ, òun náà ló ni máṣíìnì. Màmá la máa ń pe ìyá náà. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ìmọ́tótó rẹ̀ ló pọ̀ jù. Kò sí àpò tó wọ ilé rẹ̀ tí kì í tú wò, kò sí ìkòkò tí kì í ṣí.

Ọdún kẹfà ìgbéyàwó ni àbúrò mi tó lóyún. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò. Oyún pé oṣù méje kí ó tó wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ní iṣẹ́ ìwọlé iléèwé ló dí òun lọ́wọ́. Ó kọjá lójú fèrèsé mi nígbà tó ń lọ sílé, ó juwọ́ sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń lọ o." Mo ní kí ó rọra o. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n kó káàdì àwọn aboyún wá fún mi kí n tò wọ́n. Mo rí àmì pupa lára ọ̀kan. Mo rò pé yíǹkì ló ta sí i, mo fi àtàǹpàkò nù ún, kò lọ. Mo wá ka orúkọ tó wà lórí rẹ̀.

Mo jókòó. Ẹnìkan ń kan irin fèrèsé, mo tẹjú mọ́ orúkọ náà.

Mo lọ bá nọ́ọ̀sì àwọn aboyún. Ó ní òun ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un: kí ó lọ sílé ẹ̀yìn lójú ẹsẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn, oṣù méjì tó kù ṣì tó, wọ́n á lè bí ọmọ náà láìní kòkòrò kankan lára. Ó ní, "Ó ní òun ti gbọ́. Mo fọwọ́ júwe ọ̀nà fún un." Ọ̀nà iwájú ni àbúrò mi gbà jáde. Ojú mi ló ṣe.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń rán ọrùn aṣọ, kò gbójú sókè.

Mo ní, "Kí ni wọ́n sọ fún ọ lánàá?"

"Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kéré díẹ̀ ni. Wọ́n ní kí n máa jẹ ẹ̀fọ́."

"Àbúrò mi, èmi ni mò ń to káàdì."

Máṣíìnì dúró. Ó mú abẹ́rẹ́ kan lórí tábìlì, ó gún un mọ́ tìmùtìmù abẹ́rẹ́, ó tún yọ ọ́. Ó ní, "Ẹ ti rí i nìyẹn."

"Mo ti rí i. Oògùn wà. Ọmọ yìí lè jáde láìní nǹkan kan lára. Ohun tó kù kò ju kí o lọ."

"Tí Màmá bá gbọ́, mi ò ní jókòó síbi tí ẹ bá mi yìí mọ́. Ọmọ rẹ̀ kọ́ ni wọ́n máa bi. Wọ́n á ní èmi ni mo kó o wọlé."

"Màmá kò ní gbọ́."

Ìgbà yẹn ló tó wò mí lójú. Kò bínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá gbẹ̀yìn lónìí, ìròyìn á ti délé ṣáájú mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin kúkú lẹ sọ wọ́n lórúkọ."

Òótọ́ ló sọ. Èmi!

Mo wá ọgbọ́n dá. Yàrá mi ní ilẹ̀kùn kan nínú tó já sí àgbàlá, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ló sì wà láti ibẹ̀ dé ilé ẹ̀yìn. Mo bá nọ́ọ̀sì gíga náà sọ ọ́, ó gbà. Àbúrò mi á gbé oúnjẹ wá fún mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, á wọ yàrá mi, á gba ilẹ̀kùn inú kọjá, kò sí ojú kankan tó máa rí i. Ó gbà, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó béèrè irú ọbẹ̀ tí mo fẹ́.

Ó gbé kúlà wá lóòótọ́. Àfi bí ọjọ́ náà ṣe jẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́, àwọn ìyá ọlọ́mọ ń jókòó sílẹ̀. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn mi sílẹ̀ dè é. Ó kù díẹ̀ kí ó dé ọ̀dọ̀ mi ni obìnrin kan ké sí i láti orí bẹ́ǹṣì, aládùúgbò Màmá. Ó ní, "Ìyàwó wa! Níbo lo ń dà báyìí? Àbí ìwọ náà ti ń gbẹ̀yìn ni?"

Àwàdà ni. Kò mọ nǹkan kan. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àbúrò mi sì wò mí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo lè bu obìnrin yẹn débi pé á gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo lè sọ pé kò sí ẹni tó lè gba ẹ̀yìn tí ojú yẹ kó tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé tí mo bá gbèjà àbúrò mi, wọ́n á fura. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo tún fi kún un, mo ní, "Ẹ̀yìn kẹ̀? Ọbẹ̀ ló gbé wá fún mi, ẹ má ba ọbẹ̀ mi jẹ́ o!"

Àbúrò mi gbé kúlà sójú fèrèsé, ó yí padà, ó gba iwájú jáde. Kò wá sílé ìwòsàn mọ́ títí oyún fi pé. Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì ló gbẹ̀bí rẹ̀ nínú yàrá Màmá, agbẹ̀bí náà kì í béèrè àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin ni wọ́n bí. Orí rẹ̀ kún fún irun, ojú rẹ̀ jọ ti bàbá wa gan-an. Mo gbé e mọ́ra, mi ò lè gbójú wo ìyá rẹ̀.

Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta, ọmọ náà kò wúwo mọ́. Funfun kan bo ahọ́n rẹ̀, ikọ́ kò sì fi í sílẹ̀. Àbúrò mi gbé e wá sílé mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe." Nọ́ọ̀sì gíga náà bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó wá bá wa nílé. Ó gún ọmọ ní gìgísẹ̀, ó gún ìyá ní ìka. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi retí èsì. Ó wà lára ọmọ náà.

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn títí ojú mi fi wú. Nọ́ọ̀sì dúró títí mo fi sunkún tán, ó wá ń ṣàlàyé. Oògùn olómi ni ti ọmọ, aago mẹ́fà àárọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kò gbọdọ̀ fo ìgbà kan. Ó ní tí ó bá ń lò ó déédéé, á dàgbà, á lọ iléèwé, á ya aláìgbọràn bí àwọn ọmọ yòókù. Tí ó bá ń fò ó, kòkòrò náà á mọ ọgbọ́n oògùn, ọwọ́ oògùn kò sì ní ká a mọ́. Ìyá náà á máa lo tirẹ̀. Ilé mi ni a fi oògùn méjèèjì sí nítorí Màmá tó ń tú àpò. Láràárọ̀, àbúrò mi á dúró lọ́dọ̀ mi kí ó tó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù, á ní òun gbé ọmọ wá kí n bá òun wẹ̀ ẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, á tún yà. Ìdúró ló máa ń gbé tirẹ̀ mì nínú ilé ìdáná mi, èmi á sì fi ṣíbí fún ọmọ ní tirẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ràn ṣíbí yẹn. Á la ẹnu kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èmi ni mò ń lọ gba oògùn náà lóṣooṣù. Mo ní ilẹ̀kùn inú, mo lè gba ibẹ̀. Mi ò gba ibẹ̀. Mo rò ó pé tí èmi tí mo dá orúkọ yìí bá fi ẹsẹ̀ mi rìn lọ síbẹ̀ lójú gbogbo ayé, orúkọ náà á kú. Mo dúró di ọ̀sán gangan tí gbọ̀ngàn kún, mo gbé àpò kọ́ apá, mo la àárín wọn kọjá. Mo ní, "Ẹ wò mí dáadáa. Èmi náà ti gbẹ̀yìn. Ta ló kàn?" Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo padà dé, bẹ́ǹṣì tó sún mọ́ fèrèsé mi ti ṣófo.

Oṣù méjì ni gbogbo nǹkan fi lọ déédéé. Ọmọ náà ń sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ. Èmi ni nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí, mi ò sì kà á sí. Àwọn èèyàn ń fi orí èékánná ti ìwé sí mi. Obìnrin kan ní òun kò ní fi bírò mi kọ orúkọ òun. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì tí a jọ ń jẹun ní inú ń run òun, ó gbé abọ́ rẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn, inú sì ń run ún lójoojúmọ́ láti ìgbà náà. Mò ń sọ lọ́kàn mi pé kò burú, ó tọ́ sí mi. Ohun tí mi ò rò ni pé ọ̀rọ̀ náà kò ní dúró sí ilé ìwòsàn. Kò dúró rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé kan, àbúrò mi kò yà. Mo ti da oògùn ọmọ sí ṣíbí, mo gbé e dání títí ọwọ́ fi ro mí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò wá. Ní ìrọ̀lẹ́, kò wá. Mo kó oògùn méjèèjì sínú àpò, mo gba ilé Màmá lọ.

Màmá wà lẹ́nu géètì, ó ń gbálẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó na ọwọ́ ìgbálẹ̀ sí mi.

"Akọ̀wé, ẹ dúró níbẹ̀ yẹn ná."

"Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo wá wo ọmọ ni."

"Mo mọ̀. Ẹ má bínú, mi ò bá yín jà o. Wọ́n ti wá sọ ohun tó ń ṣe yín fún mi. Àánú yín ṣe mí, ẹ ò gbàgbọ́, mo sunkún. Ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ mi kò ní wá sílé yín mọ́. Ọdún mẹ́fà la fi wá a."

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n gbé e lẹ́ẹ̀kan péré."

"Ẹ ti gbé e tó. Ẹ ò rí i pé ikọ́ tún ti mú un? Ilé yín náà ló ti kó o."

Ó ń gba ọmọ náà là lọ́wọ́ mi. Mo rí i lójú rẹ̀ pé tinútinú ló fi ń ṣe é, bó ṣe yẹ kí ìyá àgbà ṣe é. Gbólóhùn kan péré ló kù tó lè ṣí géètì yẹn. Mo mọ̀ ọ́n, ó wà lórí ahọ́n mi. Àbúrò mi sì yọ sójú fèrèsé pẹ̀lú ọmọ ní èjìká, ojú rẹ̀ ti wọlé. Mo gbé àpò sókè kí ó lè rí i.

Mo ní, "Àbúrò mi, sọ̀rọ̀."

Ó wo àpò. Ó wo Màmá. Ó mi orí sí mi díẹ̀, kékeré báyìí, tí Màmá kò lè rí. Ó wá sọ ọ́ sókè kí ìyá ọkọ rẹ̀ lè gbọ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé. Ẹ má fọwọ́ kan ọmọ mi mọ́." Ó fa fèrèsé dé.

Mo dúró síbẹ̀. Mò ń gbọ́ ikọ́ ọmọ náà nínú ilé. Màmá wọlé, ó gbé omi ọṣẹ jáde, ó sì ń retí kí n kúrò kí ó lè fọ ibi tí mo dúró sí. Mo kúrò.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Nọ́ọ̀sì ń béèrè lójoojúmọ́, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ títí kí ó má lọ síbẹ̀. Ó ní ọmọ náà kò ní ọjọ́ púpọ̀ láti fi ṣòfò. Mo ti pinnu. Lọ́la, tí ilẹ̀ bá mọ́, màá lọ bá Màmá, màá sì sọ òtítọ́ fún un lójúkojú. Àbúrò mi á pàdánù yàrá, á pàdánù ṣọ́ọ̀bù, bóyá ọkọ náà, kò sì ní dárí jì mí títí ayé, ṣùgbọ́n ọmọ á rí oògùn mu. Lọ́la ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lánàá, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ níjẹta.